Ṣé ọjọ́ orí ló ń fọ́ àgbà lójú?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì, bí ìyá àgbà bá ń táràrà kó tó rí ẹnu ọ̀nà, "àgbà ló dé" ni wọ́n á sọ. Wọ́n á wá ọmọdé kan tí yóò máa fà á lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn wí. Ó kàn ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí ṣì lè ríran.

Lóòótọ́, ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé jìnnà sójú kó tó lè kà á. Awò ìkàwé á yanjú ìyẹn. Ìfọ́jú ní tirẹ̀, àìsàn ló ń fà á. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, láàárín àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè, ohun tó fọ́ èèyàn tó lé ní 80 nínú 100 afọ́jú lójú ṣeé dènà tàbí ṣeé wò.

Katarátì ló ṣáájú, funfun tó ń bo ọmọlójú. Awò kékeré inú ẹyinjú ló ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ ò fi ráyè kọjá. Kò sí oògùn tí wọ́n ń kán sójú tó lè ká a kúrò, ìbáà ṣe ti kẹ́míìsì, ìbáà ṣe omi ewé. Dókítà á yọ awò tó ṣú, á fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan ní kó gbó dáadáa kí wọ́n tó lọ. Irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́ ló bí ọ̀rọ̀ yẹn. Lóde òní, bó bá pẹ́ jù, awò náà á le, iṣẹ́ á sì nira.

Àwọn tó ń kiri pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ojú ló ń bà mí lẹ́rù jù. Wọn ò yọ nǹkan kan. Ńṣe ni wọ́n ń ti awò náà ṣubú sẹ́yìn nínú ẹyinjú. Aláìsàn lè rí ìmọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, inú gbogbo ilé á dùn, wọ́n á sanwó. Kí ojú náà tó wú, kó tó máa ṣọyún, ẹni tó gún un ti dé ìlú mìíràn. Ìwádìí yẹn kan náà fi hàn pé ó lé ní 4 nínú 10 ojú tí wọ́n ti fọwọ́ kàn nítorí katarátì tó jẹ́ pé gígún ni wọ́n gún un.

Glaucoma, àìsàn ojú mìíràn tó ń fọ́ni lójú, kì í funfun, kì í sì í sábà dunni. Iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń ṣú wá: èèyàn á máa forí gbá ilẹ̀kùn, síbẹ̀ á rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kedere. Èyí tó bá ti lọ ò lè padà mọ́. Ìtọ́jú lè dá ìyókù dúró. Kì í ṣe àgbà nìkan ló ń mú. Kódà, oògùn ojú tó ní steroid (èròjà tó ń mú wíwú àti yíyún rọlẹ̀), tí èèyàn rà fún ojú yíyún tó sì ń kán an fún oṣù pípẹ́ láìrí dókítà, lè fà á.

Àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó wà ní Ìdó-Èkìtì àti Adó-Èkìtì ń tọ́jú ojú. Bí ọ̀nà bá jìn láti Ọ̀mùò tàbí Ẹ̀fọ̀n, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibùdó ìlera tó wà nítòsí, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ síbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ glaucoma ni wọ́n bá lójú bàbá, kí àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀ náà lọ yẹ ojú wọn wò, bí wọ́n tilẹ̀ ń ríran kedere.