Ẹ̀rọ Gbọ́dọ̀ Tẹ̀ Lé Imú: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Eruku àti Kòkòrò Àìfojúrí Tí Èèyàn Ń Fà Símú Nínú Ilé

Tí ọyẹ́ bá mú ní Abuja, tí Àpáta Zuma kò hàn dáadáa mọ́ láti ojú títì, ọ̀pọ̀ èèyàn a máa ṣí fóònù wò bóyá afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà dára. Nọ́ńbà tí fóònù gbé wá, ẹ̀rọ tó wà lórí òrùlé kan níbòmíràn ló kà á, tàbí kí kọ̀ǹpútà ti fi ojú sátẹ́láìtì díwọ̀n rẹ̀. Kò mọ ìyá tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbada àkàrà ní Nyanya láago mẹ́fà àárọ̀. Kò mọ ọmọ tó sùn sí yàrá tí wọ́n tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sí, tí wọ́n sì ti fèrèsé pa nítorí òtútù. Ohun tó wọ imú èèyàn gan-an ni àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀, nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé imú káàkiri.

Pọ́ǹpù kékeré oníbátìrì ni wọ́n ń lò, wọ́n á so ó mọ́ ìdí. Rọ́bà kan á gba ẹ̀yìn lọ sí èjìká, ẹnu rẹ̀ á sì wà lára ọrùn aṣọ, kò ní jìnnà sí imú ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Agolo kékeré kan wà lẹ́nu rọ́bà yìí tó ń yí afẹ́fẹ́ po bí ìjì. Eruku tó tóbi á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, á jábọ́. Èyí tí kò ju máíkírómítà 2.5 lọ, tí irun orí kan ṣoṣo fi ìlọ́po 20 nípọn jù, á bá afẹ́fẹ́ lọ, á bà lé asẹ́ roboto kan. Eruku kíkéré yìí ló ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Ìwọ̀n ló wá kù. Asẹ́ á kọ́kọ́ sùn fún wákàtí 24 nínú yàrá tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ kì í yí padà, kí wọ́n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n tó lè ka máíkírógíráàmù 1, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan. Bó bá ti oko iṣẹ́ dé, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní pọ́ǹpù fa lítà 2 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 24: lítà 2,880 nìyẹn. Bí asẹ́ bá fi máíkírógíráàmù 216 wúwo sí i, ó já sí 75 nínú lítà 1,000 afẹ́fẹ́. Òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2021 fún ọjọ́ kan jẹ́ 15.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pọ́ǹpù. Bí bátìrì bá rẹ̀ ẹ́, ìjì inú agolo á dẹ̀, eruku tó tóbi á sì ráyè kọjá sórí asẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ fífà rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e jáde àti lẹ́yìn tó bá dé. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, wọ́n á da èsì náà nù. Wọ́n tún máa ń gbé asẹ́ kan dání tí kò ní fa afẹ́fẹ́ rárá, kí wọ́n lè yọ ìdọ̀tí tó ti ọwọ́ àti ọ̀nà wá kúrò nínú ìṣirò. Ariwo pọ́ǹpù sì máa ń sú èèyàn: wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á fi kọ́ ìṣó, ẹ̀rọ á wá máa wọn ìmí ògiri.

Asẹ́ kì í sọ wákàtí tí èéfín wọlé. Sẹ́ńsọ̀ kékeré onílésà ló ń sọ ìyẹn, ó ń kà á ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ta lára eruku ló ń kà, kì í wọn ìwúwo. Nígbà òjò, ọ̀rinrin á wú eruku, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà ọyẹ́, kì í rí eruku aṣálẹ̀ tó tóbi dáadáa, á sì kà á kéré. Ó yẹ kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan ní ìgbà méjèèjì, kí wọ́n ṣe àtúnṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti kòkòrò àìfojúrí le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ dé inú àwo oúnjẹ wọn láàyè, kí wọ́n lè hù níbẹ̀ kí wọ́n tó kà wọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ń fa lítà 28.3 ní ìṣẹ́jú kan gba ihò wínníwínní 400, afẹ́fẹ́ á sì gbá àwo agar tó dì bí ẹ̀kọ. Ó wúwo ju ohun tí èèyàn lè gbé kiri, nítorí náà wọ́n á gbé e sí ibi tí imú wà: bí ọmọ bá ń sùn lórí ẹní, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe orí tábìlì. Bakitéríà á wà nínú àpótí tó ní ooru 37°C fún ọjọ́ 2. Olú wíwẹ́, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bu, á wà ní 25°C fún bí ọjọ́ 5. Bí afẹ́fẹ́ ìṣẹ́jú 2 bá mú kí kòkòrò hù ní ojú 34 lórí àwo, bí 600 ló wà nínú lítà 1,000. Bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́ jù nínú yàrá elérò, kòkòrò méjì á gba ihò kan náà, wọ́n á sì kà wọ́n sí ẹyọ kan. Ọyẹ́ tún máa ń gbẹ agar, iná mànàmáná sì lè lọ mọ́ àpótí àwo olú nígbà ooru oṣù kẹta, kí ooru yàrá má jẹ́ kó hù dáadáa. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í tilẹ̀ hù lórí àwo yìí. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló ń gbà lórí oúnjẹ tirẹ̀.

Fún àìsàn tó ń ti ẹnu kan bọ́ sí imú ẹlòmíràn, wọ́n máa ń wọn káábọ̀n dáyọ́sáídì, gáàsì tí èèyàn ń mí jáde. Afẹ́fẹ́ ìta ní bí 420 nínú mílíọ̀nù kan, èyí tí èèyàn mí jáde fi bí 38,000 jù ú lọ. Bí kíláàsì bá ka 2,320, a jẹ́ pé ìmí 1 nínú 20 ti inú ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn jáde. Ìṣirò yìí kò dúró níbi tí èédú tàbí sítóòfù bá ń jó, nítorí iná náà ń tú gáàsì yìí jáde.