Kí ló dé tí ọmọ mi fi ń kọ "My mummy they are"?

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi wà ní praimárì kẹta. Wọ́n ní kó kọ̀wé nípa mi, ó kọ ọ́ pé: "My mummy they are sell pepper." Tíṣà fi báírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀. Ṣé orí ọmọ yìí ò gbé ìwé ni?

Ìdáhùn: Orí rẹ̀ pé, màmá. Ọmọ tí ẹ kọ́ dáadáa kò ní sọ níta pé "màmá mi, ó ń ta ata." "Wọ́n ń ta ata" ni yóò sọ. "They" tó kọ yẹn, ó fi ń kúnlẹ̀ kí yín ni. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "they" bọ̀wọ̀ fún àgbà báyẹn.

"Sell" náà nídìí. Mo ta, mò ń ta, mo ti ta, màá ta: "ta" ò yí padà, ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ àkókò. Ó ti fi "are" síwájú bí a ṣe ń fi "ń" síwájú, lójú tirẹ̀ iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ọmọ bá kọ "two book" dípò "two books": ìwé méjì ṣáà ni, "ìwé" ò yí padà nítorí pé ó di méjì.

Ìbéèrè: Kí ni kí tíṣà ṣe, tí kò bá ní fagi lé e?

Ìdáhùn: Kó bi í pé, "Èèyàn mélòó ni màmá ẹ?" Ọ̀kan. Kó wá sọ fún un pé "she" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe obìnrin kan, ìbáà jẹ́ arúgbó, kì í ṣe àrífín. Ẹ má fojú kékeré wo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn o. Mo ti rí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìwé nígbà tí mo ní kó kọ "she" fún ìyá rẹ̀ àgbà. Ó gbójú sókè wò mí, bí ẹni pé mo fẹ́ kó bú wọn. Àṣìṣe kan lóòjọ́ ti tó. Kó fi "sell" sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ìbéèrè: Ó tún kọ "ṣip" dípò "ship".

Ìdáhùn: Ó gbọ́ ọ dáadáa nìyẹn! Ní Yorùbá, bí a ṣe ń pè é la ṣe ń kọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé lẹ́tà méjì, s àti h, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe iṣẹ́ ṣ wa.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nílé?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí ẹ̀kọ́ kan, ó sì ní tíṣà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn ò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò lóhun tó fẹ́ sọ, kí ni yóò kọ?

Lálẹ́ òní, ẹ ní kó fi Yorùbá ròyìn bí ẹ ṣe ń to ata sórí àtẹ. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tẹ́rùn. Kó wá mú gbólóhùn mẹ́ta níbẹ̀, kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ wọ́n sókè kó tó mú pẹ́ńsùlù.