Òṣómàáló inú ọpọlọ

Bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Iléṣà, dòdò a máa di ìsọ̀yè. Wọ́n á ní serotonin, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, wà nínú rẹ̀, pé òun ló ń jẹ́ kí ìwé dúró lórí. Ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Serotonin pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àmọ́ oníbodè kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kó kọjá. Èyí tí ọpọlọ ń lò, ọpọlọ ló ń pò ó fúnra rẹ̀, láti ara tryptophan, ọ̀kan lára àwọn èròjà purotéènì, tó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá serotonin ara ló tiẹ̀ wà nínú ìfun, níbi tó ti ń ti oúnjẹ síwájú. Dòdò dùn, kó máa dùn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ serotonin àti ìrántí wà ni ara ìgbín òkun kan, Aplysia, tí onímọ̀ ọpọlọ Eric Kandel fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹjú mọ́ ní Amẹ́ríkà kó tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000. Tí iná mànàmáná bá gbá ìrù ìgbín yìí, serotonin á tú sórí sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ ìfọwọ́kàn. Láti ìgbà náà, ìka tó bá kàn án pẹ́rẹ́ á mú kó súnra kì. Bí serotonin bá wá lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú mélòó kan ni, ó ti gbàgbé. Bó bá wá lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó ń sinmi láàárín, ó ju ọjọ́ kan lọ kó tó gbàgbé.

Àwa Ìjẹ̀ṣà ṣáà mọ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òṣómàáló kó aṣọ fún èèyàn láwìn. Ó wá sin owó lẹ́ẹ̀kan, onígbèsè ní kó padà wá lọ́la. Kílẹ̀ tó ṣú, onígbèsè ti gbàgbé. Ó tún wá. Ó tún wá. Lọ́jọ́ tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ní òṣó lòun ó ló títí òun ó fi gbowó òun, onígbèsè á wọ yàrá lọ tú àpótí. Nínú sẹ́ẹ̀lì, èròjà tó ń jẹ́ CREB ló ń tú àpótí náà. Ó ń ṣí àwọn jíìnì, purotéènì tuntun á jáde, sẹ́ẹ̀lì á sì hu ẹ̀ka tuntun tó fi ń kan èkejì rẹ̀.

Ìyàwó onígbèsè sì wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn: "Baálé mi ò sí nílé o." CREB-2, èròjà tó ń dí CREB lọ́wọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, lorúkọ tirẹ̀. Ní 1995, àwọn onímọ̀ dè é lọ́wọ́, serotonin ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìyẹn ni pé ìgbàgbé kì í ṣe àbùkù inú ètò náà. Iṣẹ́ ni, ó sì ní ẹni tó ń ṣe é. Èmi ò rí ibi tó gbọ́n jùyẹn lọ nínú gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí ìyàwó yẹn, ohùn gbogbo ẹni tó polówó ata ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà láàárọ̀ àná ì bá ṣì máa hó létí wa.