Bí Àtúnṣe Ilẹ̀ Kùsà Ṣe Di Àtúnṣe Odò ní Jọ́ọ̀sì

Iṣẹ́ àtúnṣe odò tí à ń gbọ́ nípa rẹ̀ ní agbègbè Jọ́ọ̀sì lónìí kò ti ọ̀dọ̀ odò bẹ̀rẹ̀. Inú kòtò kùsà ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó jẹ́ pé ilẹ̀ oko tó bàjẹ́ ló jẹ wọ́n lógún, ó sì pẹ́ gan-an kí omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà tó wọ inú ọ̀rọ̀. Mo gbà pé bí ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe rí yìí wà lára ohun tó fà á tí omi odò Delimi, tó ń ṣàn gba inú Jọ́ọ̀sì kọjá, ṣì fi ń pọ́n nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀. Ó yẹ kí àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Jọ́ọ̀sì, Bukuru àti Barkin Ladi mọ̀ ọ́n, nítorí pé kùsà àti òwò tó rọ̀ mọ́ ọn ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba àti ìyá wa wá síbí.

Tíìnì ni kùsà tí wọ́n ń wà ní Jọ́ọ̀sì, odò fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kó o jọ. Inú akọ òkúta ni tíìnì wà tẹ́lẹ̀. Láti ayébáyé ni òjò ti ń jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀, tí omi sì ń gbá ohun tó bọ́ lára rẹ̀ lọ. Tíìnì wúwo ju iyanrìn lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀, nítorí náà iyanrìn bá omi lọ, tíìnì sì jókòó sí àárín òkúta wẹ́wẹ́ ní ìsàlẹ̀ odò. Àwọn odò mìíràn wà tí òkúta yíyọ́ tó tú jáde láti inú ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ pátápátá, tí tíìnì wọn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá tíìnì kò ní ṣàì gbẹ́ ibi tí odò wà tàbí ibi tí odò ti wà rí, omi náà ni yóò sì fi fọ̀ ọ́. Ohun tí odò fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tò jọ, omi odò ni àwọn awakùsà tún fi tú u ká.

Ó ṣe pàtàkì pé orí òkè ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sókè òkun, ọ̀pọ̀ odò Àríwá ló sì ní orísun níbẹ̀. Delimi ń ṣàn lọ sí Bauchi, ó di odò Bunga àti Jama'are, ó sì ń lọ sí ìhà Adágún Chad. Odò Kaduna ṣẹ̀ ní ìhà Vom, ó sì ń bọ́ sínú odò Ọya; Gongola ní tirẹ̀ ń lọ pàdé odò Benue. Iyanrìn tó bá kúrò lórí òkè yìí kì í ṣe ti ará Jọ́ọ̀sì nìkan.

Kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ti ń wa tíìnì. Ní ìlú Liruein Delma, àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ ọ di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pòròpórò, àwọn oníṣòwò Hausa sì ń tà á lọ sí ọ̀nà jíjìn. Igbá ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ní etí odò, ìpalára tí igbá lè ṣe fún odò kò sì tó nǹkan. Ní 1902 ni Niger Company rán àwọn ènìyàn wá wá orísun tíìnì náà, wọ́n sì rí i ní agbègbè Naraguta. Láàárín ọdún mélòó kan àwọn ilé-iṣẹ́ tú dé. Bisichi wà lára wọn, 1910 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kékeré láti Zaria dé Bukuru ní 1914, ti ńlá sì dé Jọ́ọ̀sì ní 1927. Ojú irin yìí ni àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà bá wá láti ta aṣọ, iyọ̀ àti ohun èlò fún àwọn lébìrà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kò fi igbá ṣe iṣẹ́. Wọ́n dí odò, wọ́n la ojú omi, wọ́n fi omi alágbára láti ẹnu páìpù wó ògiri ilẹ̀ lulẹ̀, ẹ̀rọ sì ń fa ẹrẹ̀ náà gba inú àpótí gígùn tí tíìnì yóò ti jókòó. Ohun tó bá kù, tí í ṣe èyí tó pọ̀ jù, ni wọ́n ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òkìtì iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í ga láìní koríko tó lè dì í mú, àgbàrá sì ń gbá a lọ sínú odò lọ́dọọdún. Bí iyanrìn bá ti pọ̀ ju agbára omi lọ, ìsàlẹ̀ odò á ga sókè, omi á fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á sì máa jẹ bèbè, tí bèbè tó wó yóò tún fi kún erùpẹ̀ inú rẹ̀. Àlàfo àárín òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí ẹja kan ń yé sí tí kòkòrò inú omi ń sá pamọ́ sí, yóò dí. Ẹyin ẹja kì í yè lábẹ́ ẹrẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú omi kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì sọ ọ́ di ńlá. Nígbà tí Jàpáànù gba Màláyà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí ọ̀pọ̀ tíìnì rẹ̀, lọ́wọ́ wọn, ìjọba amúnisìn fi tipátipá kó nǹkan bí 100,000 ọkùnrin láti agbègbè Àríwá wá wa tíìnì ní Jọ́ọ̀sì láàárín 1942 sí 1944. Ọ̀pọ̀ kú, nítorí ebi, òtútù àti àìsàn. Kò yẹ kí a sọ ìtàn ilẹ̀ yìí kí a má dárúkọ wọn.

Lẹ́yìn ogun ni òfin kùsà ti 1946 jáde, tí ọ̀rọ̀ dídá ilẹ̀ padà sípò sì wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yà Berom ló ń ké gbàjarè, nítorí pé ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin achà, ọkà wẹ́wẹ́ kan, sí ti di kòtò. Ìdáhùn tí ìjọba fún wọn bá ẹ̀dùn náà mu: wọ́n fi katakata tẹ́ òkìtì, wọ́n dí kòtò, wọ́n sì gbin igi yúkálíptọ́ọ̀sì, èyí tí ará Jọ́ọ̀sì ń pè ní turare. Igi náà yára dàgbà, ó sì pèsè òpó àti igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi púpọ̀, koríko kì í sì í pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ koríko gan-an ló ń di erùpẹ̀ mú nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ìwọ̀n ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Bí omi ìsàlẹ̀ ibẹ̀ bá ṣe mọ́ tó kò sí nínú ìṣirò.

Ní oṣù October 1985, ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń gbé iye owó tíìnì ró fọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá rọ, àwọn tó ń fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ sì gba ipò wọn, láìsí ẹni tí yóò dí kòtò lẹ́yìn wọn. Kòtò àtijọ́ kún fún omi. Àwọn àgbẹ̀ fi ẹ̀rọ ìfami fà á lọ sí oko pọ̀tétò, kábéèjì àti tòmátò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oúnjẹ tí à ń jẹ dé Ìbàdàn àti Èkó. Mo ka èyí sí ohun rere. Ètò Fadama tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1993 tún ran irú iṣẹ́ oko ẹ̀ẹ̀rùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ káàkiri Àríwá. Àmọ́ níbi tí oko bá ti dé ẹnu bèbè gan-an, tí wọ́n sì hú ewéko etí omi kúrò, bèbè náà á wó.

Òfin kùsà ti 2007 sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti fi owó sílẹ̀ fún àtúnṣe. Nígbà tó di 2009, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò àbàtà, etí odò àti etí adágún jáde. Òun ló dárúkọ bèbè odò gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kí a dáàbò bò fún ara rẹ̀. Ètò ACReSAL, tó wà fún àtúnṣe ilẹ̀ tó bàjẹ́ ní Àríwá, tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó rẹ̀ ní December 2021 fún ìpínlẹ̀ 19 ní Àríwá àti Abuja, tún gba ọ̀nà mìíràn: gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sínú odò kan náà ni wọ́n ń kà sí ẹyọ kan nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò.

Ìṣòro tó kù ni pé àwọn kòtò tó ti wà kí tíìnì tó dojú dé ní 1985 kò ní oníwèé àṣẹ mọ́, nítorí náà owó tí òfin 2007 béèrè kò kàn wọ́n. Owó Àyíká tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981, tàbí ètò bí ACReSAL, ló lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí owó náà bá sì dé, orí òkè ló yẹ kí ó kọ́kọ́ dé, ní ìdí òkìtì iyanrìn: kí wọ́n fi òkúta dí ojú àgbàrá kéékèèké, kí wọ́n gbin koríko onígbòǹgbò gígùn àti ọparun sí bèbè, kí wọ́n sì bá àwọn àgbẹ̀ jókòó lórí iye ilẹ̀ tí wọn yóò fi sílẹ̀ fún odò. Tí wọ́n bá kó iyanrìn kúrò ní ìsàlẹ̀ Delimi nígbà tí òkìtì ṣì wà lókè, òjò ọdún kejì ni yóò dá a padà.