Ọ̀nà àbọ̀ iná mọ́tò ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó lọ ra gílóòbù

Bí wọ́n ṣe ń wo fíúsì àti bí wọ́n ṣe ń mọ gílóòbù tó ti jó, ìyẹn ò le, ẹ jẹ́ ká fò ó. Èyí tó ń gbóná lórí èèyàn ni mọ́tò àtijọ́, ẹ mú Peugeot 504 tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tẹ́ ẹ tan iná alẹ́, iná ẹ̀yìn ọ̀tún ń ṣe bàìbàì, ẹ tẹ bíréèkì, dípò kó mọ́lẹ̀ sí i ńṣe ló kú pátápátá. Ẹ pa iná alẹ́, ẹ fún un ní tíráfíkétọ̀ ọ̀tún, iná bíréèkì òsì ń ṣẹ́jú bá a, nígbà míì iná dáṣíbọ́ọ̀dù á tún dá sí i. Wọ́n á ra gílóòbù tuntun, pàbó. Wọ́n á ní bátìrì ni. Ẹlòmíì á tiẹ̀ fi bébà inú páálí sìgá wé fíúsì, èyí tó kàn fẹ́ dáná sun wáyà ni.

Iná kọ̀ọ̀kan, wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé kọ́rẹ́ǹtì lọ sídìí ẹ̀. Ọ̀nà àbọ̀, ibi tí kọ́rẹ́ǹtì ń gbà padà sí bátìrì, ńkọ́? Bọ́dì mọ́tò fúnra ẹ̀ ni wáyà kejì, òun làwọn ríwáyà ń pè ní earth. Ẹ wá wo danfo tó já èrò sí Òṣòdì tó fẹ́ padà, tí wọ́n ti dí ọ̀nà àbọ̀ pa. Ṣé dírẹ́bà á sùn síbẹ̀ ni? Ó máa gba ẹ̀bùrú ni, á ya wọ àdúgbò tí danfo ò dé rí, ìyá kan á sáré jáde tòun ti kànìnkànìn lọ́wọ́ pé ta ló ń fun fèrè lójúde òun, ọmọ á máa sunkún, ajá á máa gbó. Gílóòbù òsì tó ń ṣẹ́jú láìjẹbi yẹn, òun nìyá oníkànìnkànìn.

Wáyà tín-ín-rín méjì ló wà nínú gílóòbù ẹ̀yìn, wáàtì 5 fún iná alẹ́, wáàtì 21 fún bíréèkì, earth kan náà làwọn méjèèjì àti tíráfíkétọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn jọ ń lò. Tí earth yẹn bá ti já, kọ́rẹ́ǹtì iná alẹ́ débẹ̀ ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó yà wọnú ti bíréèkì, ó gùn ún padà, ó tọ wáyà bíréèkì lọ sí gílóòbù òsì tí earth tiẹ̀ ṣì dáa. Ìdí tó fi ń ṣe bàìbàì nìyẹn. Ẹ wá tẹ bíréèkì, kọ́rẹ́ǹtì míì tún ń bọ̀ láti ojú ẹ̀bùrú yẹn gan-an, wọ́n kọjú síra wọn, kò sẹ́ni tó lè kọjá, iná kú.

Ọgbọ́n ńlá lẹni tó sọ bọ́dì di wáyà dá o, wáyà tó dín kù kò kéré, àmọ́ irin tí òjò ń pa, tó ń dógùn-ún, ló fọkàn tán. Pánẹ́ẹ̀lì bítà náà á tún wá fín ọ̀dà síbi tí nọ́ọ̀tì ti ń de wáyà earth mọ́ bọ́dì, ọ̀dà kì í sì í gbé iná kọjá.

Èyí tó ń bíni nínú jù ni ká fi mítà tó ń wọn iná kan wáyà, kó ká fólítì 12, ká ní wáyà dáa. Mítà ò gbà ju bíńtín lọ, fọ́nrán kan ṣoṣo tó kù nínú wáyà tó ń jẹrà á gbé e. Ẹ ò lè fi adìẹ dán afárá wò kẹ́ ẹ wá ní kí tírélà máa bọ̀. Ẹ tan iná náà kó máa jẹ kọ́rẹ́ǹtì, ẹ fi ẹsẹ̀ dúdú mítà sí négétífù bátìrì, ẹ fi pupa sí earth iná yẹn. Bó bá jẹ́ nǹkan bíi fólítì 0.2 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, kò séwu. Bó bá ka 2, gílóòbù ò rí fólítì méjì yẹn jẹ, bẹ́ẹ̀ fólítì ìdá 10 nínú 100 péré tó bá sọnù lójú ọ̀nà, nǹkan bí ìdá 30 ìmọ́lẹ̀ ló bá a lọ.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì earth yẹn, ẹ fi sáńpépà ha á títí irin á fi funfun, ẹ fún un padà dáadáa, ẹ fi fasilín díẹ̀ pa á lójú kí omi má wọ̀ ọ́. Gílóòbù tuntun tẹ́ ẹ ti rà yẹn, ẹ jù ú síbi tẹ́ ẹ ń kó pépà mọ́tò sí.