Ẹ mú máàpù kí ẹ tó ka Kropotkin

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí, n kì í ṣe òṣèlú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá bi mí nípa Peter Kropotkin, máàpù Sàìbéríà, ilẹ̀ òtútù tó wà ní ìlà oòrùn Rọ́ṣíà, ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ni pé ọmọ ọba Rọ́ṣíà tó kẹ̀yìn sí ọba ni, tó ní kò yẹ kí ìjọba kankan wà rárá. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀yìnkùlé ló gbà.

Moscow ni wọ́n bí i sí ní 1842. Ilé ẹ̀kọ́ ológun àwọn ọmọ ọlọ́lá ló lọ, ó sì ṣe ẹmẹ̀wà fún Ọba Alexander Kejì. Nígbà tó parí ní 1862, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń du ipò nítòsí ààfin, ó ní Sàìbéríà lòun ń lọ.

Ní 1866, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń wá ọ̀nà tí wọ́n lè da ẹran gbà láti Chita dé ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà nítòsí odò Lena. Àwọn kan ti gbìyànjú ṣáájú, òkè àti aginjù dá wọn padà. Kí ni Kropotkin gbójú lé? Máàpù kékeré kan tí ọmọ ìbílẹ̀ Tungus kan fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fín sára èèpo igi. Ibi wúrà náà ló ti gbéra, ó tẹ̀ lé máàpù náà, ó sì gúnlẹ̀ sí Chita. Mo máa ń pẹ́ níbí tí mo bá ń kọ́ni. Ẹni tó ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé èèpo igi lọ́wọ́ báyìí, ta ló tún fẹ́ sọ fún un pé ọ̀gá tó jókòó sí Petersburg, olú ìlú Rọ́ṣíà nígbà náà, ló mọ ohun gbogbo?

Ní 1871, ó wà ní Finland, ó ń wo ipa tí yìnyín ayé àtijọ́ fi sílẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì Rọ́ṣíà fi ipò akọ̀wé lọ̀ ọ́. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní àǹfààní wo ni ìmọ̀ òun fẹ́ ṣe fún àgbẹ̀ tí kò rí búrẹ́dì jẹ? Àwọn òṣìṣẹ́ ló wá ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀tẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ní 1874, kò pẹ́ tó ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí yìnyín fún ẹgbẹ́ náà tí àwọn ọlọ́pàá fi gbé e.

Ẹ wo bó ṣe ṣe nínú ẹ̀wọ̀n. Ó wọn yàrá náà: ìgbésẹ̀ mẹ́wàá láti igun dé igun. Tó bá rìn ín ní ìgbà 150, ó di verst kan, tó ju kìlómítà kan lọ díẹ̀. Verst méje ló ń rìn lójúmọ́. Wọ́n gbà kó máa kọ̀wé títí oòrùn á fi wọ̀, ó sì ń kọ ìwé yìnyín rẹ̀ lọ. Bó ṣe sá lọ ní 1876, tí wọ́n ń ta fayolíìnì láti fi ṣe àmì fún un, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn.

Ìwé rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni Mutual Aid, tó jáde ní 1902. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí a máa ran ara wa lọ́wọ́; “Àáró” ni èmi máa ń pè é. Ó ti ka ìwé Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ̀wé nípa bí àwọn ẹ̀dá ṣe ń jìjàkadì láti wà láàyè, kó tó máa wo ẹranko Sàìbéríà, ó ń retí kí ẹ̀yà kan náà máa fa ara wọn ya. Àmọ́ lẹ́bàá odò Amur, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbọ̀nrín ló rí, tí wọ́n ń sá fún òjò dídì, tí wọ́n ti ibi gbogbo kó ara wọn jọ, tí wọ́n sì ń wọ́ lọ síbi tí odò náà ti tín-ín-rín jù láti sọdá.