Ta ló sọ pé ẹ̀pọ́n lásán ni oríkì?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó ló bí oríkì. Lójú tiwọn, ẹni tó ń kini ń wo àpò ẹni ni. Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Òde ìnáwó ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro ti ń gbọ́ oríkì báyìí: onílù á rí aláṣọ olówó ńlá, á sáré tọ̀ ọ́, á pè é ní ọmọ ọba kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n á sì máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ẹni tí kò rí ju ìyẹn lọ kò jẹ̀bi bó bá pè é ní ẹ̀pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ oríkì Ìbàdàn:

Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn,
Ọmọ a-jẹ-ìgbín-yó, fi ìkarahun fọ́rí mu.

Ṣé báyìí ni wọ́n ń pọ́n ìlú? Òro, èso inú igbó, ni wọ́n jẹ sùn. Ìgbín ni wọ́n jẹ yó, ìkarahun rẹ̀ ni wọ́n sì fi mu ẹ̀kọ. Àwọn àgbà ní nígbà tí ogun tú Ìbàdàn tí Lágelú kọ́kọ́ tẹ̀ dó ká, orí òkè ni àwọn tó ṣẹ́ kù sá lọ, ohun tí wọ́n sì rí jẹ níbẹ̀ nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun tún fi Ìbàdàn ṣe àgọ́. Nígbà tó fi máa di 1840, Ìbàdàn ti lágbára débi pé òun ló lé ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo. Pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn, ẹnikẹ́ni ò yọ ìgbín kúrò nínú oríkì. Kódà, wọ́n ṣì ń kì í pé ibẹ̀ ni "olè gbé ń jàre olóhun". Ta ni yóò sanwó kí wọ́n bá òun sọ irú èyí?

Bákan náà ni ti Ògún, tó lómi nílé tó ń fẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Ẹ̀rù ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Oríkì ń sọ bí nǹkan ṣe rí, rere àti burúkú rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo àwọn tí wọ́n ń kì. Ìyá àgbà á gbé ọmọ ọwọ́ tó ń ké sẹ́yìn, á máa pè é ní Àjàmú tàbí Àmọ̀kẹ́, á ti ibẹ̀ bọ́ sí oríkì orílẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ti ibi tí ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Kọ́bọ̀ wo ló wà lọ́wọ́ ọmọ náà? Wọ́n ń ki òkú. Ọdẹ ń fi ìjálá ki erin àti ẹfọ̀n, ẹran tó lè pa á, torí pé ó ti wò ó títí ó fi mọ ìrìn rẹ̀, ìwo rẹ̀ àti ìbínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó ọ̀pọ̀ irú ìjálá bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé tó jáde ní 1966.

Karin Barber, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìlú Òkukù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní àwọn ọdún 1970, rí i pé àwọn obìnrin ilé, ìyàwó àti ọmọ-oṣú, ni oríkì wà lọ́wọ́ wọn jù. Iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Etí ni wọ́n fi kọ́ ọ, níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, tí ẹnì kan ń gbà á lẹ́nu ẹnì kejì. Lójú tèmi, ohun tó ń mú kí èèyàn máa gbé ewì láti ẹnu dé ẹnu nìyí: ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, bí a bá kí i ní "ẹ pẹ̀lẹ́", ó lè má gbọ́, àmọ́ bí a bá ki í dé ọ̀dọ̀ baba tó bí baba rẹ̀, yóò gbórí sókè.

Àwọn alágbe tó ń fi oríkì jẹun wà o, wọn kò sì ṣẹ̀. Àmọ́ ẹ̀pọ́n kò mọ ìyàtọ̀; "ẹni ńlá" bá gbogbo èèyàn mu. Oríkì orílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ogun ni ti Ìkòyí. Bí onílù bá ṣèèṣì ki ọmọ Ìkòyí ní Ìyèrú Òkín, tó jẹ́ oríkì Ọ̀fà, owó lè jáde lápò rẹ̀ nítorí ojú ayé, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò ní wú.